Akọ̀wé Tí Kò Fọwọ́ Síwèé

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo kí yín, okun o. Ẹ fìdí kalẹ̀ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Kàbà, lọ́dún kejì tí wọ́n dá Kogí sílẹ̀.

Yúsràt ò ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ. Iṣan ara rẹ̀ ń rọ, ẹran sì wú dí ọ̀fun rẹ̀. Ìjókòó ló fi ń sùn. Bó bá dùbúlẹ̀, èémí á há.

Dókítà ní àfi iṣẹ́ abẹ. Ó gbé ìwé àṣẹ iṣẹ́ abẹ náà síwájú bàbá ọmọ, Sùlèímánì, akọ̀wé kóòtù.

Sùlèímánì ò mú bírò.

“Bàbá Yúsràt, ẹ fọwọ́ sí i,” ni Àsàmọ̀ ìyàwó rẹ̀ wí.

Ọkọ rẹ̀ wolẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ju ẹnu lọ, àgbà a máa wolẹ̀.

“Ta lẹ ò bá kọ lẹ́tà rí ní Kàbà? Òjò tí ń rọ̀ sóko olóko lẹ jẹ́.”

“Dókítà, ẹ fún mi ní tàdáwà kí n tẹ̀ka,” ni Sùlèímánì wí.

“Akọ̀wé ń tẹ̀ka?” ni dókítà bi í.

“Láti oṣù tó kọjá, ọwọ́ mi ò lè di bírò mú mọ́. Bí ti Yúsràt náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.”

Àsàmọ̀ ló sọ ọ́ fún mi. Ó ní lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ọmọ ti ń dùbúlẹ̀ sùn, ṣùgbọ́n èémí ẹni méjì, ọmọ àti bàbá, lòun wá ń ṣọ́.