Ohùn Gìtá Tí Kò Tètè Kú

Nígbà tí Ayọ̀midọ̀tun, onígìtá, kú, oyún Gift ṣì wà nínú ìyàwó rẹ̀.

Gift ti di ọlọ́mọge báyìí. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ l'Ọ́kà, ó ń ta gìtá bàbá rẹ̀, ó ń yí bọ́tìnnì àpótí kékeré tó ń sín ańpù ńlá, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá sókè, jẹ.

"Màmá, mo ti yí géènì sókè títí kí ohùn lè lágbára, ohùn yìí ṣì ń yára kú. Ọjọ́ Ìsinmi ni ìkórè o!"

Sẹ̀gilọlá, ìyá bàbá rẹ̀, ń bó ẹ̀gúsí.

Gift tẹ fóònù. Gìtá bàbá rẹ̀ ké jáde, bí wọ́n ṣe gbà á sílẹ̀ níbi ìkórè kan n'Íkàrẹ́. Ohùn kan ṣoṣo, kò dáwọ́ dúró.

"Báwo ni Dádì ṣe dì í mú pẹ́ tó báyìí?"

"Pa á, ọmọ mi."

"Ẹ̀yin mà lẹ̀ ń pariwo níbẹ̀ yẹn: 'Má fi í sílẹ̀!'"

Ẹ̀gúsí dànù.

Àìsàn ni wọ́n sọ fún Gift pé ó pa bàbá rẹ̀.

Lọ́jọ́ ìkórè Ìkàrẹ́ náà, òjò ti rẹ ilẹ̀, wáyà ańpù sì ti bó. Ayọ̀midọ̀tun fẹnu kan máíkì láti kọrin.

Iná mànàmáná ló lẹ̀ ẹ́ mọ́ gìtá, ọwọ́ rẹ̀ kò lè kúrò lórí okùn.

Ìyá rẹ̀ rò pé orin ló wọ̀ ọ́ lára. Ó ń pàtẹ́wọ́, ó ń ké sí i pé kó má fi í sílẹ̀, títí ọmọ rẹ̀ fi ṣubú, tó sì kú.