Alágbàwí Oníjó

Kò sí ìjà ẹbí kan tí Mákánjúọlá gbọ́ ní ìjọ wọn tí kò bá wọn dá sí. Iṣẹ́ fọ́tò ló ń ṣe, ó sì ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Sharpstown, ní ìlú Houston, láàárín ilé ìfọṣọ àti ibi tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe. Ṣùgbọ́n tí tọkọtaya bá ń bínú síra wọn, tàbí tí ọmọ kan bá bá ìyá rẹ̀ yan odì, òun ni yóò kọ́kọ́ pè wọ́n. Ìyàwó rẹ̀ a máa ní kò sẹ́ni tó fi í jẹ oyè alágbàwí. Òun a ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Oyíndà wọlé tọ̀ ọ́ wá. Aṣọ nọ́ọ̀sì aláwọ̀ búlúù ló wà lọ́rùn rẹ̀, ó gbé báàgì ńlá kan kọ́ èjìká. Ó kúnlẹ̀ kí i dáadáa, èyí sì dùn mọ́ Mákánjúọlá nínú, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ Houston òde òní, ọwọ́ ni wọ́n ń jù sí àgbàlagbà. Ó ní kó ya òun bí oníjó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí iṣẹ́ sí ẹgbẹ́ ńlá. Ẹnì kan ń retí fọ́tò náà, òun sì fẹ́ fi ránṣẹ́ lónìí.

Ó fẹ́ lọ pààrọ̀ aṣọ nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Ó wo ojú fóònù náà, ó wo aṣọ tó wà lọ́rùn ara rẹ̀, ó sì jẹ́ kó dún títí tó fi dákẹ́. Mákánjúọlá bi í pé ta ni.

"Daddy mi ni, sà. Wọn ò tíì mọ̀."

"Wọn ò mọ irú iṣẹ́ tó o fẹ́ bẹ̀rẹ̀?"

"Wọn ò mọ̀ rárá, Monday ni mo sì máa resume." Ó wolẹ̀. "Tí wọ́n bá gbọ́ ọ báyìí, wọn ò ní bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́ sà, èmi fúnra mi ni mo fẹ́ sọ fún wọn, tí wọ́n bá wá ní December."

Àánú rẹ̀ ṣe Mákánjúọlá. Kò dúró kí ẹnikẹ́ni là á yé òun. Ó mọ irú àwọn bàbá bẹ́ẹ̀, ìjọ wọn kún fún wọn. Tí ọmọ wọn ò bá ti di dókítà tàbí nọ́ọ̀sì, kò kàwé lójú tiwọn.

Aṣọ ijó náà pupa, ó sì ti fún jù. Síìpù ẹ̀yìn rẹ̀ kọ̀, kò pàdé. Oyíndà ní ọdún tí òun kọ́kọ́ dé láti Iléṣà ni òun ti ní in. Mákánjúọlá rẹ́rìn-ín, ó ní oúnjẹ Houston kì í ṣaláì hàn lára èèyàn, ó sì fi píìnì mú un níbi tí kámẹ́rà kò ti ní í rí i.

Ó ní kó fò. Ó fò, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò jìnnà sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní kó gbé ẹsẹ̀ kan sókè kó dúró bẹ́ẹ̀, kó tó tẹ kámẹ́rà, ọmọ náà ti di ògiri mú. Oyíndà tọrọ àforíjì, ó ní ó ti pẹ́ díẹ̀. Mákánjúọlá ní kó má dààmú, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló ti fi àárẹ̀ sí i lára, tó bá ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ara rẹ̀ á nà. Ó wá dọ̀bálẹ̀, ó gbé kámẹ́rà kanlẹ̀, kí ìfò kékeré lè di ìfò ńlá. Ọgbọ́n iṣẹ́ nìyẹn. Nínú fọ́tò, ṣe ni ọmọ náà ń fò bíi lékèélékèé.

Ṣùgbọ́n dídìde wá dogun. Oyíndà sáré wá, ó gbé e jókòó, ó fi àtàǹpàkò tẹ ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú, ó sì ń wo bí ibẹ̀ ṣe jìn tí kò padà bọ̀rọ̀. Ó bi í bóyá ó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Mákánjúọlá ní òun ń lò ó, nígbà tí òun bá rántí. Ọmọ náà bá a wí, ó bi í nípa iyọ̀, ó bi í nípa oorun, ó ní kó pe dókítà rẹ̀ kíákíá. Ojú rẹ̀ dán bó ṣe ń sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì dá ṣáṣá. Ó dun Mákánjúọlá gan-an pé ọmọ tó já fáfá tó báyìí, wọ́n fẹ́ fi ayé rẹ̀ ṣòfò níbi tí ọkàn rẹ̀ kò sí.

Ó yan fọ́tò tó dára jù, ó fi ránṣẹ́ sórí fóònù ọmọ náà. Oyíndà wò ó pẹ́, kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń retí rẹ̀, ó gbé fóònù sórí tábìlì, ó sì lọ bọ́ aṣọ náà.

Kò pẹ́ tí fóònù tún dún. "Daddy mi" ló hàn lójú rẹ̀. Mákánjúọlá wo ilẹ̀kùn yàrá ìpààrọ̀ aṣọ. Ó rántí ohun tí ọmọ náà bẹ̀ ẹ́. Ó tún rántí pé December jìnnà, pé ọmọdé kò mọ bí a ṣe ń bẹ bàbá. Ó gbé e.

Ó kí bàbá náà, tó ń jẹ́ Ọládọ̀tun, kú alẹ́, nítorí ilẹ̀ ti ṣú ní Iléṣà. Ó bèèrè àlàáfíà ilé, ó gbàdúrà, Ọládọ̀tun ṣe àmín. Ọládọ̀tun fẹ́ sọ nǹkan, Mákánjúọlá kò fún un láyè.

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí ọmọ yìí," ó ní. "Ẹ̀rù yín ló ń bà á. Nítorí tiyín nìkan ló ṣe ń wọ aṣọ nọ́ọ̀sì tí mo rí lọ́rùn rẹ̀ yẹn. Kò sí lọ́kàn rẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kó fi sílẹ̀, kó máa jó."

Oyíndà ti jáde pẹ̀lú aṣọ búlúù rẹ̀. Ó nawọ́ sí fóònù náà. Mákánjúọlá juwọ́ sí i pé kó fọkàn balẹ̀, òun ti fẹ́ parí rẹ̀.

Mákánjúọlá ti rò pé ọ̀rọ̀ òun ti wọ̀ ọ́ lára, nígbà tí Ọládọ̀tun sọ pé, "Alàgbà, ijó ni mo rán ọmọ mi lọ kọ́ ní Amẹ́ríkà, fọ́tò ibi tó ti ń jó ni mò ń fi han gbogbo àdúgbò lọ́wọ́ báyìí; ta ló wá di nọ́ọ̀sì?"