Adéfọlá àti Rọ́bà Inú Ọ̀rá

Èèyàn dáadáa ni Adéfọlá, àmọ́ ó ní àléébù kan: kò lè jẹ́wọ́ pé òun kò tíì ṣe nǹkan. Bí ẹ bá bi í léèrè iṣẹ́ tí kò tíì fọwọ́ kàn, "Mo ti ṣe é" ni yóò kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀. Òun kò pè é ní irọ́. Lójú tirẹ̀, ohun tí òun máa ṣe lọ́la kò yàtọ̀ sí ohun tí òun ti ṣe lánàá.

Ìlú Lewisville, nítòsí Dallas, ni òun àti Wúràọlá ìyàwó rẹ̀ ń gbé. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni ọkọ ń ṣe, nọ́ọ̀sì ni ìyàwó. Nígbà tí òtútù ń bọ̀, Adéfọlá ra ọkọ̀ ojú omi kan tó ti lo ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n. Ó gbé e sínú gáréèjì, ó sì ṣèlérí fún Shalom, ọmọbìnrin wọn, pé orí adágún omi ni wọn yóò ti ṣe ọjọ́ ìbí ọdún kejìlá rẹ̀ nínú oṣù kẹrin.

Bọ̀dá Albert, tó ń tún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe ní Cedar Hill, tí wọ́n sì jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà, wá yẹ ọkọ̀ náà wò. Ó dojú bolẹ̀ sínú ihò ẹ́ńjìnnì fún odidi wákàtí kan. Nígbà tó dìde, ó kọ iṣẹ́ mẹ́ta sórí ìwé, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

"Fọlá, gbọ́ mi dáadáa. Kí yìnyín tó bẹ̀rẹ̀, fa omi inú ẹ́ńjìnnì gbẹ. Rọ́bà tí gáàsì, epo ọkọ̀, ń gbà kọjá ti gbó, ó ti ń sán. Mo ti bá ọ ra tuntun, òun ló wà nínú ọ̀rá yìí. Ẹ̀kẹta, wo fáànù kékeré yìí. Òun ló ń fẹ́ òórùn gáàsì jáde kúrò nínú ihò. Tí kò bá ṣiṣẹ́, má fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́, torí iná lè gbà á."

"Ẹ má ṣèyọnu, sà. Ẹ kà á sí ohun tí mo ti ṣe."

"Mi ò ní kà á sí nǹkan kan. Èyí tó o bá ṣe tán, fàlà sí i."

Adéfọlá fa omi gbẹ lọ́jọ́ kejì, ó sì fàlà sí i. Àmọ́ kí èèyàn tó lè pààrọ̀ rọ́bà, àfi kó dojú bolẹ̀ nínú òtútù, kó ki ọwọ́ bọ ibi tóóró. Ó sún un sí Sátidé tó ń bọ̀. Nígbà tí Sátidé dé, àga ló fi awọ pupa bò. Ní Sátidé kejì, ó de sípíkà. Lẹ́yìn náà ló ra àwọn iná aláwọ̀ búlúù tó ń tàn yí ọkọ̀ ká. Wáyà tó sún mọ́ ọn jù ni ti fáànù. Ó gé e, ó so ó mọ́ iná.

"Màá dá a padà," ló sọ fún ara rẹ̀.

Ní oṣù kìíní, Wúràọlá gbé tíì wá bá a ní gáréèjì.

"Dádì Shalom, ẹ ti ṣe iṣẹ́ Bọ̀dá Albert tán?"

"Gbogbo ẹ̀." Ó mú bírò, ó fàlà sí méjì tó kù lójú rẹ̀.

"Ó dáa o. Níbi iṣẹ́ tiwa, ẹni tó bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun fún aláìsàn lóògùn, tí kò fún un, wàhálà ńlá ni."

"Ṣé aláìsàn ni ọkọ̀ mi ni?"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ ìbí pé. Wọ́n dúró láàárín adágún lọ́sàn-án, wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n gé kéèkì. Nígbà tí wọ́n fẹ́ máa padà, Shalom fún imú pọ̀. Ó ní gáàsì ń rùn. Ọmọ náà kò mọ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Wúràọlá so jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kí èèyàn rì mọ́ ọn lára, ó ní kó lọ jókòó ní iwájú pátápátá. Ó pe Bọ̀dá Albert, ó sọ fún un pé gáàsì ń rùn, ó gbé ohùn fóònù síta kí gbogbo wọn lè gbọ́.

"Fọlá, ìbéèrè méjì. Rọ́bà gáàsì yẹn, ṣé o ti pààrọ̀ ẹ̀?"

Wúràọlá ń wò ó. Shalom náà ń wò ó.

"Tuntun ni, sà."

"Ó dáa. Tan fáànù, kí n gbọ́ ọ."

Adéfọlá tẹ bọ́tìnì fáànù. Iná búlúù tàn yí ọkọ̀ ká.

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

"Ó ń ṣiṣẹ́, sà. Atẹ́gùn ni ò jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ."

"Atẹ́gùn wo? Fọlá, má tíì fọwọ́ kan—"

"Dádì Shalom," Wúràọlá sọ jẹ́jẹ́, "iná ló tàn o. Fáànù dà?"

Ìtìjú mú Adéfọlá. Kí ìbéèrè yẹn lè parí, ó yí kọ́kọ́rọ́. Òórùn gáàsì inú ihò gbiná, ó bú gbàmù.

Àwọn apẹja tó wà nítòsí ló fà wọ́n jáde nínú omi. Ọkọ̀ náà jó títí ó fi rì. Ẹsẹ̀ Wúràọlá kán. Etí òsì Shalom kò gbọ́ràn mọ́. Iná jó ọwọ́ Adéfọlá méjèèjì dé ìgúnpá, ìka mẹ́ta kò sì ṣeé ká mọ́. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tó ń ṣe bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bọ̀dá Albert kọ́kọ́ lọ wo gáréèjì kó tó wá sí ọsibítù. Ó gbé ọ̀rá rọ́bà yẹn sórí ibùsùn Adéfọlá. Wọn kò tíì já a.

"Òótọ́ lo sọ," ló wí. "Tuntun ni."

Títí dòní, Wúràọlá ló ń di ojú egbò ọwọ́ ọkọ rẹ̀.

"Ẹ ti lo oògùn yín?"

"Mo ti lò ó."

Wúràọlá da oògùn inú ìgò sí àtẹ́lẹwọ́, ó ń kà á níkọ̀ọ̀kan lójú ọmọ.

Ẹ̀kọ́ inú ìtàn yìí ni pé kí á má ṣe sọ pé a ti ṣe ohun tí a kò tíì ṣe. Kò sí ìtìjú nínú "Mi ò tíì ṣe é." Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ṣì láyè láti ṣe é, àwọn tó fẹ̀mí wọn sí ìkáwọ́ rẹ̀ sì láyè láti sọ̀ kalẹ̀. Ká ní Adéfọlá sọ ọ́ lórí omi lọ́jọ́ náà, ìbínú ìyàwó rẹ̀ nìkan ni ì bá faradà, ọ̀rọ̀ náà ì bá sì ti tán kó tó di ọjọ́ ìsinmi. Egbò ọwọ́ rẹ̀ ń jinná. Àmọ́ kò sẹ́ni tó ń gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ mọ́ nínú ilé ara rẹ̀.