Ìkíni Tí Wilmer Kò Kí

Nínú oṣù Kẹsàn-án ni Jessica, ọ̀gá kílíníìkì, pe Stella wọ ọ́fíìsì rẹ̀. Ó ní ìjọba ti dín owó wọn kù. Ẹni méjì ló ń bá wọn wá àwọn èèyàn kiri fún àyẹ̀wò HIV ní àdúgbò Pleasant Grove, nílùú òyìnbó níbẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló máa ṣẹ́kù. Stella ni nọ́ọ̀sì tó ń bá àwọn méjèèjì ṣiṣẹ́, nítorí náà ẹni tí Stella bá mú ni òun náà yóò mú.

Stella kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Obìnrin tó jẹ́ ẹnìkejì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, ó sì máa ń kọ ìwé rẹ̀ lásìkò, ṣùgbọ́n Wilmer ló mọ iṣẹ́ náà jù, òun ló sì fẹ́ mú. Ọmọ Honduras ni, ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin, kò sì fi bò. Àwọn bíi tirẹ̀ ló ń wá kiri: àwọn ọkùnrin, àtàwọn tí wọ́n bí lọ́kùnrin tí wọ́n ń gbé ayé bí obìnrin, gbogbo wọn àjèjì tí ìbẹ̀rù ìwé ìgbélùú kì í jẹ́ kí wọ́n yọjú sí ilé ìwòsàn. Wilmer kì í ní kí wọ́n wá. Òun ló ń tọ̀ wọ́n lọ sílé, sí ìdí iṣẹ́ wọn ní Coppell, pẹ̀lú ohun àyẹ̀wò nínú ọ̀rá búrẹ́dì, àti oògùn tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́ kí kòkòrò náà má bàa ráyè wọlé. Ẹnu dé ẹnu ni nọ́ńbà fóònù iṣẹ́ rẹ̀ ń gbà kiri. Ọ̀pọ̀ wọn kò tilẹ̀ mọ orúkọ kílíníìkì tó rán an.

Ó ní òfin kan. Ẹni tó bá gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, bí wọ́n bá pàdé níta, Wilmer kò mọ̀ ọ́n rí. Ohun tó jẹ́ kí wọ́n fọkàn tán an nìyẹn.

Nínú kílíníìkì, ìkíni kì í wọ́n ọn. Stella ló kọ́ ọ ní “Ẹ káàárọ̀, mà.” Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, Stella rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní ọkùnrin kì í kúnlẹ̀ nílé àwọn. Láti ìgbà náà ló ti ń tẹríba. Stella kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn nípa bí wọ́n ṣe ń gbé ayé wọn; iṣẹ́ ni iṣẹ́, ṣọ́ọ̀ṣì ni ṣọ́ọ̀ṣì. Ó fẹ́ràn ọmọ náà.

Ní Sátidé, òun àti ọkọ rẹ̀, Dádì Jùwọ́n, lọ ra ẹsẹ̀ màlúù ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Pleasant Grove. Díákónì ni Dádì Jùwọ́n, ìdí kọ̀ǹpútà ló ti ń ṣiṣẹ́ ní Addison. Wọ́n ń ṣa ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí Wilmer yọ. Ojú òun àti Stella ṣe mẹ́rin. Stella ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Wilmer gbójú kúrò, ó yí kẹ̀kẹ́ ẹrù rẹ̀ padà, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Stella pè é lórúkọ, kò wẹ̀yìn.

Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé ọmọ ibi iṣẹ́ òun nìyẹn. Dádì Jùwọ́n ní òun kò rí ẹnikẹ́ni, ó ní kí àwọn tètè máa lọ. Ìgbà tí wọ́n délé ni wọ́n rántí pé wọn kò ra ẹsẹ̀ màlúù.

Ọ̀rọ̀ náà ká Stella lára. Nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn kan náà, nígbà tó dá wá ní oṣù Keje, Wilmer ló bá a gbé àpò ìrẹsì dé ìdí mọ́tò. A jẹ́ pé ọkọ òun ni ọmọ náà fojú tín-ínrín wò.

“Mọ́mì Jùwọ́n, fi í sílẹ̀,” ni ọkọ rẹ̀ wí. “Ọmọdé ni. Má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí dé office yín.”

“Mo ti gbọ́, sà.”

Ní Mọ́ńdè, Wilmer tẹríba, ó kí i. Stella kò dáhùn. Ó bi í bóyá ó rí òun ní Sátidé.

Wilmer wo ilẹ̀. “Mi ò rí yín, mà.”

Irọ́ náà dun Stella ju ìwọ̀sí lọ. Lọ́sàn-án, ó bá páálí ohun àyẹ̀wò kan lórí tábìlì rẹ̀, kò sí ìwé, kò sí orúkọ. Ó dá a padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Nígbà tó ń kọ̀wé sí Jessica pé obìnrin yẹn ni kí wọ́n mú, ó fi kún un pé Wilmer kò mọ àgbà, ó ń purọ́, ó sì ń fi ohun èlò sílẹ̀ káàkiri. Kò jẹ́ kí Dádì Jùwọ́n mọ̀ pé òun kọ ìwé kankan.

Jessica bi Wilmer bóyá ó ní ohun tó fẹ́ fi gbèjà ara rẹ̀. Ó ní rárá. Ó gbé fóònù iṣẹ́ kalẹ̀, ó yíjú sí Stella, ó ní, “Ẹ tọ́jú ara yín, mà. Ẹ jọ̀ọ́.” Ó lọ. Stella rò pé ó tún ń fi òun ṣẹ̀fẹ̀ ni.

Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àwọn èèyàn tán nílẹ̀. Àwọn tí Wilmer ti ń bá sọ̀rọ̀ kò fẹ́ fojú kan obìnrin kejì náà. Jessica gbé fóònù náà fún Stella, ó ní kó máa gbé e, bóyá wọn yóò gbà fún un. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti gbọ́ ohùn obìnrin, wọn a gé e. Inú Stella bàjẹ́. Ó ti ń rò ó pé bóyá kí òun wá ọmọ náà lọ, kí òun gbójú fo ìkíni kan.

Ní Ọjọ́bọ̀, nọ́ńbà kan tí kò mọ̀ rí pè, ó gbé e, kò sì tíì ráyè ní hẹ́lò tí ohùn Dádì Jùwọ́n fi wọlé sí i létí, jẹ́jẹ́, pé, “Wilmer, má bínú pé mi ò pè látọjọ́ yẹn, mo kàn fẹ́ dúpẹ́ pé o ò kí mi lójú ìyàwó mi.”