Wọ́n Ti Dé, Sà

Láàárọ̀ ọjọ́ ìpàdé àgbáyé àwọn onímọ̀ ìṣirò, alásè ti to ẹgbẹ̀ta àga sí gbọ̀ngàn yunifásítì kí oòrùn tó yọ.

Oṣù mẹ́ta ló ti fi ṣe àgbàṣe níbẹ̀. Akọ̀wé ẹ̀ka là á mọ́lẹ̀ fún un: bí ìpàdé bá lọ bó ṣe yẹ, á gba ìwé ìgbanisíṣẹ́, ọmọ rẹ̀ olóṣù méje á sì máa wà ní ilé ìtọ́jú ọmọ òṣìṣẹ́; bí kò bá lọ bó ṣe yẹ, kí tìyátọmọ gba ilé lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Láti ìgbà yẹn ni oorun ti dágbére fún un.

Ìwé ìpè wà lára ilẹ̀kùn. Alásè, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀wé kà ní kíláàsì àgbà, kà á sókè: "Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, oṣù kẹsàn-án." Ó yíjú sí akọ̀wé. "Sà, ẹ má bínú. Tíṣà wa ní ọgbọ̀n ọjọ́ péré ló wà nínú oṣù yẹn, ó sì parí lánàá."

Akọ̀wé bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ! Àná lo mọ A, òní lo fẹ́ kọ́ onímọ̀ ìṣirò ní òǹkà. Ọjọ́ yẹn náà la fi sí i léṣìí."

Ó gun òkè lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ó ti kọ ìròyìn ìpàdé náà fún ọ̀gá àgbà láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ohun tó kù ni kí alásè máa sọ fún un lórí fóònù bóyá bó ṣe kọ ọ́ náà ló rí.

Aago mẹ́sàn-án lù, fóònù dún.

"Mo kọ ọ́ pé wọ́n dé lákòókò."

"Wọ́n ti dé, sà."

"Kò sẹ́ni tó ṣẹ́kù síta?"

Alásè yọjú wo ọgbà. "Kò sẹ́nì kankan níta, sà."

"Wọ́n sọ nǹkan kan nípa ọjọ́?"

"Wọ́n ní oṣù ló parí, ọjọ́ ò tíì parí."

"Ṣé o gbọ́! Orí ọ̀mọ̀wé nìyẹn."

Alásè gbé tíì wọlé. Wọ́n wà níwájú pátákó. Wọ́n kọ ìṣirò kan, wọ́n pa á rẹ́, wọ́n ní irọ́ ni, wọ́n tún ní òótọ́ ni.

Ní aago mọ́kànlá: "Mo kọ ọ́ pé iyàn gbóná."

"Ó gbóná, sà. Wọ́n bá ara wọn jiyàn títí ṣọ́ọ̀kì fi tán."

"Wọn ò jà ṣá?"

"Wọ́n pe ara wọn ní olódo lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n wọ́n ti bẹ ara wọn."

"Ta ló wá borí?"

"Àwọn náà ni, sà."

"Ọ̀mì nìyẹn. Màá fi sí i."

Wọ́n jẹ ìrẹsì, wọ́n ní ata pọ̀ jù. Ẹkún ti ń gbọ̀n alásè kí wọ́n tó ní kó bu sí i.

Ní aago méjì: "Mo kọ ọ́ pé wọ́n fohùn ṣọ̀kan yan alága."

"Wọ́n ti yan ara wọn, sà. Kò sẹ́ni tó ta kò ó."

"Kí ni wọ́n ń ṣe báyìí?"

Alásè rẹ ohùn sílẹ̀. "Wọ́n ń sùn, sà."

"Gbogbo ìpàdé?"

"Kò sẹ́ni tó lajú, sà, àfèmi."

"Àròjinlẹ̀ ni. Má jí wọn o."

Ní aago mẹ́rin: "Gbólóhùn kan ló kù. Mo kọ ọ́ pé iye wọn pọ̀ ju ti èṣí lọ."

Alásè rò ó, ó tún un rò. "Sà, mélòó ló wá léṣìí?"

"Wàhálà tìẹ náà pọ̀! Kò sẹ́ni tó wá."

Alásè mí kanlẹ̀. "Wọ́n pọ̀ ju ti èṣí lọ, sà."

"Ó parí. Máa bọ̀ wá gba ìwé ìgbanisíṣẹ́ rẹ."

Ní aago márùn-ún, alásè kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà láti dágbére fún wọn, bàbá arúgbó tó dá nìkan wá náà súre fún tìyátọmọ, wọ́n dé fìlà wọn, wọ́n jókòó sẹ́yìn alùpùpù kan ṣoṣo, ìpàdé àgbáyé àwọn onímọ̀ ìṣirò sì túká.