Ẹni Tó Wó Ògiri Géètì

Ogún ọdún sẹ́yìn, lọ́jọ́ tí Rájí kọ́kọ́ dé iléeṣẹ́ tírélà, ọ̀gá tó ń kọ́ ọ níṣẹ́, Bámgbàlà, fi ẹ̀yìn ọkọ̀ wó ògiri géètì, ó sì ní Rájí ló wà á. Láti ìgbà náà ni gbogbo awakọ̀ ti ń pe Rájí ní Wógiri.

Láàárọ̀ yìí, iléeṣẹ́ pín àwọn méjèèjì sórí ọkọ̀ kan. Bámgbàlà jókòó sí pálọ̀ rẹ̀ ní Ṣakí, níbi tí yóò ti máa fi ẹ̀rọ wa ọkọ̀ náà láti òkèèrè. Rájí wà nínú ọkọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó ń ṣọ́ ẹrù tòmátì. Ọkọ̀ wá bi wọ́n ní ìbéèrè tí òfin là sílẹ̀ kó tó lè ṣíná: "Ṣé inú yín mọ́ síra yín?"

"Ó mọ́," ni Bámgbàlà wí.

"Kò mọ́," ni Rájí wí.

Ọkọ̀ kò mira.

"Rájí, oòrùn ti ń mú. Tòmátì yìí á bàjẹ́."

"Kó bàjẹ́, ọ̀gá. Orúkọ tèmi ti bàjẹ́ fún ogún ọdún, ẹnikẹ́ni ò bá mi dá sí i."

"Orí kunkun rẹ yìí le ju ògiri yẹn lọ."

"Ògiri wo, ọ̀gá?"

Àwọn awakọ̀ tó wà ní gáréèjì ti pagbo yí ọkọ̀ ká, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbọ́ ohùn ìyàwó Bámgbàlà láti pálọ̀, nínú ẹ̀rọ ọkọ̀: "Bàbá Jọkẹ́, ẹ sọ ohun tí ẹ sọ fún mi."

Bámgbàlà húkọ́ títí.

"Èmi ni mo wó o," ló wí. "Rájí ò tíì gun ọkọ̀ rárá lọ́jọ́ yẹn."