Bàbá Ìsàmì Ọmọ Kalliroi

Nígbà tí Kalliroi ní kí Ọ̀jọ̀gbọ́n Eftychios Galanakis wá ṣe bàbá ìsàmì ọmọ òun, kò sí ẹni tí inú rẹ̀ dùn tó Ọ̀jọ̀gbọ́n ní gbogbo erékùṣù Kasos. Láti ìgbà tí Kalliroi, tó jẹ́ opó, ti bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀ ló ti ń wá a fẹ́. Ó wá pinnu pé bí wọ́n bá ti ṣe ìsàmì tán, òun yóò dá ọjọ́ ìgbéyàwó lójú gbogbo àlejò.

Ẹ̀sìn àwọn ará Bisántíọ̀mù, ìjọba Kristẹni àwọn Gíríìkì ìgbà àtijọ́, ni iṣẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ọ̀pọ̀ ọdún ló lò ní Tẹsalonika lórí ìbátan tí ìsàmì máa ń dá sílẹ̀ láàárín ìdílé kan àti òmíràn. Ó kọ ìwé ńlá kan lé e lórí, ìwé náà ló sì sọ ọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n. Kò sí òfin kan tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù ayé ìgbà náà ṣe lórí omi ìsàmì tí kò mọ ẹni tó dá a lábàá, ẹni tó takò ó, àti ẹni tó sùn lọ níbi tí wọ́n ti ń ṣe é. Lójú tirẹ̀, gbogbo àwọn tí òfin wọ̀nyẹn ń bá wí ló ti di eruku tipẹ́. Ìwé náà wúwo gan-an, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sì máa ń yìn ín láìṣí i.

Ọkùnrin mìíràn a fún obìnrin ní òdòdó. Ọ̀jọ̀gbọ́n fún Kalliroi ní ìwé yìí. Kalliroi, tó ni ilé ìtajà oògùn tó wà létí èbúté, gbà á, ó dúpẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á lẹ́yìn káńtà. Ọ̀jọ̀gbọ́n rí i níbi tó ti ń ṣí ojú ewé kan tẹ̀ lé òmíràn, ó sì gbà pé ìfẹ́ ti dé. Lóòótọ́, obìnrin náà ti sọ fún un rí pé òun kò fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n Ọ̀jọ̀gbọ́n ka ìyẹn sí ìtìjú. Bàbá Kalliroi, Kápútéènì Minas, kò tilẹ̀ kà á sí nǹkan kan. Ó ti búra pé ọ̀jọ̀gbọ́n ni yóò fẹ́ ọmọ òun, kò sì sí ẹni tó ń bá Kápútéènì jiyàn nílé yẹn.

Ẹnì kan ṣoṣo ló kọ Ọ̀jọ̀gbọ́n lóminú. Àwọn ará ìlú ní ọkọ̀ Dókítà Stratis ń dúró jù níwájú ilé oògùn. Ṣùgbọ́n Stratis fúnra rẹ̀ ló wá bá a nílé kọfí lórí ọ̀rọ̀ ìsàmì náà.

“Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ rò ó kàn,” ni Stratis wí. “Mo ní rárá o. Ta ló tún mọ ìsàmì tó yín ní ilẹ̀ Gíríìkì yìí?”

“Ó dára kéèyàn mọ ìwọ̀n ara rẹ̀, Dókítà,” ni Ọ̀jọ̀gbọ́n fèsì. Àánú ọkùnrin tó gbà pé òun ti pàdánù ṣe é, ó sì ra ọtí fún un.

Piraeus ni Kápútéènì wà lásìkò náà, wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún un. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní ṣé kí wọ́n dúró dè é ni. Kalliroi ní ibi ìsàmì ni wọ́n ti ń sọ ọmọ lórúkọ, ọmọ tó ti ń rìn kò sì yẹ kó wà láìní orúkọ mọ́, kí wọ́n má fi falẹ̀.

Àlùfáà Anestis fà á sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀.

“Ọ̀jọ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti rò ó dáadáa?”

“Bàbá, ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ kọ́ èmi ní ìsàmì?”

Níwájú gbogbo ìjọ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n ti bá àlùfáà yìí wí ní ọjọ́ Àjíǹde lórí bó ṣe ń ju àwo tùràrí. Àlùfáà ní kò burú, ó sì lọ wo omi bóyá ó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣe gbogbo rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, ó tutọ́ sílẹ̀ láti fi kọ Èṣù. Ó fi òróró pa ọmọ náà láti orí dé ẹsẹ̀, ó tún ọ̀rọ̀ ṣe lẹ́nu àlùfáà bó ti ń lọ, ó sì gbé ọmọ náà jáde nínú omi sínú aṣọ funfun tó ti rà fún un. Ó pè é ní Foteini. Kalliroi wá, ó tẹrí ba fún un gẹ́gẹ́ bí àṣà, ó fẹnu ko ọwọ́ rẹ̀, ó sì gba ọmọ. Kò fẹnu kò ó níbi kankan rí. Ara Ọ̀jọ̀gbọ́n gbóná.

Nínú àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n pín èso álímọ́ńdì oníṣúgà, gbogbo ènìyàn sì ń kí i ní “kumbaro, kumbaro”, bí wọ́n ṣe ń pe ẹni tó bá di bàbá ìsàmì ọmọ ilé. Ó gbé ife sókè. Ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lórí Bisántíọ̀mù títí ọtí fi gbóná lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, lẹ́yìn náà ló yíjú sí opó náà.

“Kalliroi, inú bàbá rẹ á dùn tó bá dé. Jẹ́ ká dá ọjọ́ ìgbéyàwó wa lójú gbogbo ayé.”

Àlùfáà Anestis wúkọ́, ó ń wo bàtà rẹ̀. Kalliroi gbé ọmọ fún Stratis, ó sì nu òróró kúrò lọ́wọ́.

“Kumbaro,” ló wí jẹ́jẹ́, “ẹni tó bá gbé ọmọ jáde nínú omi ìsàmì kò lè fẹ́ ìyá ọmọ náà láéláé, bàbá mi ì báà búra títí ilẹ̀ fi ṣú, ẹ̀yin lẹ kọ ọ́, èmi àti Stratis la kà á.”